Ẹsẹ̀ Tó Kán: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Títo Eegun fún Ará Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ìbéèrè tí ẹbí máa ń béèrè nìwọ̀nyí nígbà tí ọ̀kadà bá ṣubú lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, tàbí tí ẹnì kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ lóko. Eegun ojúgun àti eegun itan la dojú kọ jù, nítorí àwọn méjèèjì ló ń sọ èèyàn di ẹni ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kí ni ìwádìí tuntun ti yí padà nínú títo eegun?

Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn jọ láti fi nǹkan méjì wéra. Ohun tó sì ń jáde ń já ohun olówó gọbọi kulẹ̀. Omi iyọ̀ lásán sàn ju omi ọṣẹ lọ fún fífọ ọgbẹ́. Asipirínì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì. Oògùn oníhóró ṣe iṣẹ́ tí dírípù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lójú ọgbẹ́ kò yọrí ju báńdéèjì lásán lọ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018 lórí ẹsẹ̀ tó kán tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ìdí láti gbọ́ èyí: ibi tó yẹ kí owó lọ ni ọkọ̀ tó yára, oògùn apakòkòrò ní wákàtí kìíní, omi fífọ ọgbẹ́ tó pọ̀ tó, àti irin tó bá eegun mu.

Ó ṣubú báyìí, ó wà nílẹ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó wo eegun. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ẹ ká aṣọ mímọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ẹni tó bá ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń já èyí tó ti ń dì.

Eegun tó yọ síta, ẹ má tì í padà. Yẹ̀pẹ̀ ojú títì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ni ẹ ó tì wọ inú ẹran. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó tán. Epo pupa, bẹntiróòlù, eérú, ewé gígún, ìkankan wọn kò gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́ náà. Nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo ibi tí nǹkan wọ̀nyí bá ti wọ inú ẹran ni dókítà á gé kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ dè é. Oríkèé tó wà lókè ibi tó kán àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, méjèèjì ni kò gbọdọ̀ mì. Tó bá jẹ́ ojúgun, kí pákó tínrín méjì gùn láti àárín itan kọjá gìgísẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Tó bá jẹ́ itan, kí èyí tó wà níta gùn láti abẹ́ abíyá títí dé gìgísẹ̀. Ẹ fi aṣọ rọ àárín pákó àti ara, kí ẹ sì fi gèlè tàbí ọ̀já dè é ní ibi mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ibi tó kán gan-an. Bí kò bá sí pákó, páálí tó nípọn dára. Bí kò bá sí ìyẹn náà, ẹ di ẹsẹ̀ tó kán mọ́ ẹsẹ̀ tó yá, pẹ̀lú aṣọ láàárín wọn.

Tí ẹ bá dè é tán, ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà kó funfun, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó padà pọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí kò bá padà, tàbí tí ìka ẹsẹ̀ tutù ju ti ìkejì lọ, ìdè ti le jù. Ẹ tú u, kí ẹ tún un dè.

Ẹ má ṣe gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Bí ẹsẹ̀ bá ń fì dirodiro, ojú eegun tó kán á máa gé iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ bí ọ̀bẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Nọ́ńbà 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, ọ̀fẹ́ ni ìpè rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ, nítorí ikùn gbọ́dọ̀ ṣófo fún wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ kọ aago tó ṣubú sórí bébà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi yín nìyẹn, ẹbí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀.

Ibo ni ká gbé e lọ?

Ní Ifẹ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní Iléṣà, Wesley Guild, tó jẹ́ ẹ̀ka kan náà. Bí ilé ìwòsàn kékeré bá sún mọ́ yín jù, ẹ yà síbẹ̀ fún apakòkòrò àti abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ẹ sì gbà ìwé tó sọ oògùn tí wọ́n fún un àti aago tí wọ́n fún un, kí ẹ tó máa lọ.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń pariwo wákàtí kìíní?

Tí awọ bá ti ṣí lójú ibi tí eegun ti kán, kòkòrò ti wọlé. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ọgbẹ́ náà nínú tíátà kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò rí ẹ̀rí tó lágbára fún wákàtí mẹ́fà yẹn. Aago tí apakòkòrò wọ ara ló ń ṣe pàtàkì jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2015, lórí ojúgun tí ọgbẹ́ rẹ̀ burú gan-an, ẹni tí apakòkòrò rẹ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 66 lọ ni kòkòrò wọ egbò rẹ̀ jù. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ pé kó má ju wákàtí kan lọ.

Cefazolin giramu 2 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà ń fún àgbàlagbà. Tí ọgbẹ́ bá tóbi tàbí tí ẹrẹ̀ oko wà nínú rẹ̀, dókítà á fi òmíràn kún un. Ẹni tí pẹnisilíìnì kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ káàdì àti owó ìwọlé gba wákàtí kìíní yẹn. Kí ẹnì kan lọ san owó, kí ẹnì kejì dúró ti aláìsàn, kó sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ti fún un ní apakòkòrò?”

Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù tó bọ́. Ṣé oògùn wà?

Ó wà, kò sì wọ́n. Tranexamic acid lorúkọ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n pè ní CRASH-2, tó jáde ní 2010, kó aláìsàn tó lé ní 20,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Oògùn náà dín ikú kù, bí wọ́n bá tètè fún un. Giramu kan ni wọ́n ń fi ìṣẹ́jú 10 fún aláìsàn, wọ́n á wá fi wákàtí 8 fún un ní giramu kan sí i. Tí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn ìjàǹbá, kò yẹ kí wọ́n fún un mọ́, nítorí ó lè ṣe ìpalára nígbà náà. Ẹ ti rí ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ aago sílẹ̀.

Wọ́n ní ká ra àpò omi iyọ̀ méjìlá. Ṣé kò pọ̀ jù?

Kò pọ̀ jù. Líta 6 nìyẹn tí àpò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mílílítà 500, iye yẹn gan-an sì ni ó kéré jù tí ìwádìí FLOW lò fún ọgbẹ́ ńlá. Fún ọgbẹ́ kékeré, líta 3.

FLOW yìí jáde ní 2015, lórí aláìsàn 2,447. Ìbéèrè méjì ló fẹ́ dáhùn. Àkọ́kọ́: ṣé kí a po ọṣẹ mọ́ omi tàbí kí a lo omi iyọ̀ lásán? Àwọn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà sí tíátà láàárín ọdún kan. Àwọn tí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀, 11.6. Ìkejì: ṣé kí ẹ̀rọ máa tú omi náà jáde pẹ̀lú agbára ni, tàbí kó máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́? Kò sí ìyàtọ̀ kankan tó nítumọ̀. Àpò omi tí a gbé kọ́ sókè, tí a so rọ́bà mọ́, tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó ẹ̀rọ ìfọgbẹ́, ẹ lè rántí èyí. Ṣùgbọ́n omi nìkan kì í ṣe iṣẹ́ náà tán: gígé ẹran tó ti kú kúrò ló le jù, wọ́n sì lè tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48.

Ṣé kí a kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onísègùn tó ń to eegun?

Ojú ọgbẹ́ ló ń pinnu. Bí awọ bá ti ṣí, tí eegun itan bá kán, tàbí tí oríkèé bá yẹ̀, ẹ má yà síbẹ̀. A kì í bá onísègùn ìbílẹ̀ jà. Ọ̀pọ̀ eegun ọmọdé tí kò yẹ̀ ló ń so lọ́wọ́ wọn, nítorí irú eegun bẹ́ẹ̀ máa ń so bí a bá ti fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìdè tó le koko tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹran ojúgun wà nínú awọ inú tó le, tí kì í fẹ̀. Bí eegun bá kán, ẹran náà á wú. Tí ìdè tí a fi ọparun hun bá tún há a mọ́ níta, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá mọ́, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sì tó kí ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ á dúdú, ọ̀rọ̀ á di gígé.

Àmì tó kọ́kọ́ ń yọjú ni ìrora tó ń le sí i dípò kó máa rọlẹ̀, tí oògùn ìrora kò ran mọ́. Ẹ na ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀: tó bá ké tòò nítorí ìyẹn nìkan, ẹ má dúró. Ẹ má fi pé òpó ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lù lókè ẹsẹ̀ tan ara yín jẹ. Ó lè máa lù kí ẹran sì ti máa kú nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ ní ìṣẹ́jú yẹn ni kí a tú ìdè náà pátápátá, bó bá sì jẹ́ POP, ìyẹn ẹfun líle tí ilé ìwòsàn fi ń de eegun, kí wọ́n là á láti òkè dé ilẹ̀ títí kan aṣọ inú rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ wà ní ìwọ̀n ọkàn, ẹ má gbé e sókè fíofío. Bí ìrora kò bá rọlẹ̀ kíákíá, tíátà ló kàn, kí wọ́n la awọ inú náà.

Ní Ethiopia, wọ́n fún àwọn tó ń to eegun ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ewu ìdè tó le, iye ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí wọ́n ń gé sì dín kù. Ìyẹn sàn ju èébú lọ.

POP, ìwúwo tí a so kọ́, tàbí irin?

Ojúgun tó kán láìyẹ̀, POP lè tó o. Itan àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣan rẹ̀ lágbára, ó ń fa eegun gun ara wọn, POP kò sì lè dá a dúró. Bí wọ́n bá so ìwúwo kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni aláìsàn máa fi dùbúlẹ̀. Eegun lè so, ṣùgbọ́n orúnkún á gan, ẹ̀yìn lè degbò, ẹsẹ̀ sì lè kúrú. Ìdí nìyí tí irin gbọọrọ inú mùdùnmúdùn fi di ọ̀nà tí ayé ń gbà to itan láti ìgbà tí Gerhard Küntscher ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì ní nǹkan bí 1939.

Irin gbọọrọ yìí ń wọlé láti ìbàdí tàbí láti orúnkún. Tí wọ́n bá tì í wọlé tán, wọ́n á fi ìṣó oníyíyí dè é lókè àti nísàlẹ̀ kí eegun má yí, kó má sì kúrú. Wíwá ihò ìṣó ìsàlẹ̀ ló nira: irin ti wà nínú eegun, kò hàn. Ní ilẹ̀ olówó, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán X-ray láìdúró ni wọ́n fi ń wá a. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kò ní in.

Ṣé wọ́n lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ yẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lewis Zirkle, oníṣẹ́ abẹ ní Richland ní ìpínlẹ̀ Washington, dá àjọ SIGN sílẹ̀ ní 1999 nítorí èyí. Irin tiwọn kò ṣófo láàárín bíi páìpù, ó sì ní apá kan tó wà níta ẹsẹ̀, tó ń tọ́ka sí ibi tí ihò ìṣó wà nínú lọ́hùn-ún. Dókítà á gbẹ́ eegun níbẹ̀, á wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá ihò náà kiri. Tí ọ̀pá náà bá bọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ́ ọ. Ìmọ̀lára ọwọ́ ló rọ́pò ojú.

Àjọ náà ń fún ilé ìwòsàn ní irin lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìwòsàn á sì máa fi àwòrán X-ray àti ìròyìn aláìsàn ránṣẹ́ padà, kí wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò èyí tí wọ́n lò. Nínú àwòrán tí wọ́n ń béèrè, ọ̀kan wà tí aláìsàn á lóṣòó, á sì rẹ́rìn-ín. Ó lè dà bí eré, àmọ́ ẹni tó bá lè lóṣòó dé ilẹ̀ láìgbá nǹkan mú, eegun rẹ̀ ti so, orúnkún rẹ̀ sì ń ká. Ẹ bi dókítà yín bóyá irú irin yìí wà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kó máa lo asipirínì. Ṣé ìyẹn náà ni oògùn?

Òun ni. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ tó sì ń dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kó já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2023, ìwádìí lórí aláìsàn 12,211 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi asipirínì mílígíráàmù 81 lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ wé abẹ́rẹ́. Iye tó kú láàárín 90 ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 0.78 àti 0.73 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo asipirínì, nítorí náà dókítà lè yan abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí èémí bá dédé gé tàbí tí àyà ń dun aláìsàn, pàjáwìrì ni.

Egbò ń sun ọyún lẹ́yìn oṣù méjì. Ṣé irin ló ń kọ̀ ọ́?

Ara kì í sábà kọ irin. Kòkòrò ló lẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n mú ẹran tàbí eegun láti inú lọ́hùn-ún nínú tíátà lọ yẹ̀ wò kí apakòkòrò tó bẹ̀rẹ̀. Ọyún tí a fi òwú nù lójú awọ máa ń ṣini lọ́nà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ibẹ̀ mọ́, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sábà ń tẹ̀ lé e. Ìwádìí OVIVA tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019, lórí èèyàn 1,054, rí i pé oògùn gbígbé mì kò rẹlẹ̀ sí ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ìpetumodù lè máa lo oògùn rẹ̀ nílé. Ẹ má kàn ra ampiclox ní kẹ́míìsì, nítorí oògùn tí kò bá kòkòrò náà mu kò ní wúlò, yóò kàn bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Kí ló ń mú eegun tètè so?

Sìgá ló ń dá a dúró jù. Kó jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó kán. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò káwọ́ rẹ̀ náà kò dára. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti mọ́ínmọ́ín wúlò ju ìgò oògùn agbéegunró lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé lé ojú eegun tó ń gbọ̀n rìrì láìgbọ́ ohùn, ìwádìí TRUST ti 2016 lórí ojúgun èèyàn 501 fi hàn pé kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ pa owó rẹ̀ mọ́.

Ìgbà wo ló lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀?

Dókítà tó rí irin náà ló lè sọ. Bí irin gbọọrọ bá dè é dáadáa, ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá abẹ́ abíyá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojúgun àgbàlagbà máa ń so láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, itan láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ọmọdé yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká orúnkún, kó sì máa mi kókósẹ̀ lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Orúnkún tó gan lóṣù mẹ́ta, àtiṣí i kò rọrùn.

Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá, kò so. Kí ló kù?

Púpọ̀ ló kù. Bí kò bá sí kòkòrò, wọ́n lè pààrọ̀ irin sí èyí tó nípọn jù, tàbí kí wọ́n ha eegun ìbàdí díẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi sí i. Tí àlàfo bá wà níbi tí eegun ti bàjẹ́ kúrò, ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Alain Masquelet ní Faransé máa ń fi sìmẹ́ńtì dókítà dí àlàfo náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ara á ta awọ yí i ká, wọ́n á yọ sìmẹ́ńtì náà, wọ́n á wá kó eegun sínú àpò awọ yẹn.

Èkejì ni ti Gavriil Ilizarov ní Kurgan, Rọ́ṣíà. Férémù olóbìrípo ni, pẹ̀lú wáyà tó la ẹsẹ̀ já. Wọ́n á gé eegun níbi tó yá, wọ́n á dúró fún bí ọjọ́ 5 sí 7, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fà á ní mílímítà kan lójúmọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Sẹ̀ǹtímítà 5 máa gba nǹkan bí 50 ọjọ́ láti fà, férémù á sì wà lẹ́sẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan sí i títí eegun tuntun á fi le. Bí wọ́n bá fà á yára jù, eegun kò ní hù. Bó bá falẹ̀ jù, á so pọ̀ láìtó gígùn. Ẹbí ló ń yí nọ́ọ̀tì náà nílé, kí ẹ fi ìwé kékeré kan sàmì sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Pupa kékeré níbi wáyà sábà máa ń wà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kó má di egbò.

Ọmọ wa ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìbàdí ń dùn ún. Ṣé ó kán ni?

Ó lè má kán. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́, kó máa kú díẹ̀díẹ̀. Ìrora abẹ́nú itan ló sábà kọ́kọ́ ń wá. Àwòrán X-ray lè dára ní ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán MRI, tí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì yà, ló ń tètè rí i. Bí wọ́n bá máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, omi tó pọ̀, ara tó lọ́wọ́ọ́rọ́ àti afẹ́fẹ́ ṣe pàtàkì gan-an. Kí dókítà ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ yọ irin náà?

Fún àgbàlagbà, kò pọn dandan bí kò bá dùn ún tí kò sì sí kòkòrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, ó sábà máa ń tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, kí eegun tó so lè le dáadáa. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ gba ìwé tó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin náà, gígùn àti ìnípọn rẹ̀, àti irú ìṣó tí wọ́n fi dè é. Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó bá orí ìṣó náà mu. Bí kò bá bá a mu, yóò máa yọ̀, orí ìṣó á jẹ, iṣẹ́ tí ìbá gba wákàtí kan á sì gba mẹ́ta.